Ẹ Bi Àǹtí Ẹnjiníà: Ṣọ́ọ̀bù olówó gọbọi, ohun tójú ò rí nínú ẹ̀ ló le jù

Látìgbà tí mo ti ní kẹ́ ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ nípa kíkọ́ ṣọ́ọ̀bù ńlá, irú èyí tí wọ́n ti ń ta báàgì, aago, gólù àti aṣọ olówó gọbọi, lẹ́tà ò dáwọ́ dúró mọ́. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo mú márùn-ún níbẹ̀, mo sì fi èyí tó bà mí lẹ́rù jù ṣíwájú.

"Ọ̀gá ní ká gé òpó"

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Ẹnjiníà. Ẹnjiníà sáìtì ni mí, iṣẹ́ ńlá tí mo kọ́kọ́ dá mójú tó nìyí. Ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́rin ni, a ti da dẹ́kìn kejì tán. Ọ̀gá tó nilé wá sí sáìtì lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú ẹni tó ń bá a ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n ní òpó méjì tó wà láàárín ìsàlẹ̀ ń díni lójú, pé tí kọ́sítọ́mà bá ti wọlé ó yẹ kó máa rí ògiri ẹ̀yìn lọ́hùn-ún tààrà. Wọ́n ní ká gé ìkan, ká ha ìkejì kó tín-ín-rín, ká sì lu dẹ́kìn kí ẹskalétọ̀, àtẹ̀gùn tó ń fúnra ẹ̀ gbé èèyàn lọ sókè, lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n tún ní àjà òkè tá a yà sọ́tọ̀ fún ọ́fíìsì, ilé oúnjẹ làwọn fẹ́ fi ṣe báyìí. Mo ní ká pe ẹni tó ṣírò ilé, wọ́n ní ṣe ni mo fẹ́ da iṣẹ́ dúró. Kí ni kí n ṣe?*

Àbúrò mi, má gé òpó yẹn. Má gé e, má ha á, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé diríìlì sún mọ́ ọn títí ẹni tó ṣírò ilé á fi dé sáìtì, tó máa fojú ara ẹ̀ wò ó, tó máa ṣírò ẹ̀ lákọ̀tun, tó sì máa fọwọ́ síwèé. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ irú ẹ̀ fún ẹni tó ń sanwó, èmi náà ti dúró síbi tó o dúró sí yẹn rí, tí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n nínú bàtà sáìtì. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹ.

Ní Seoul, ní South Korea, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Sampoong. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ya píláànù ilé yẹn fún kọ́ nìyẹn, iṣẹ́ ti ń lọ kí wọ́n tó yí i padà. Wọ́n gé òpó torí ẹskalétọ̀, àwọn òpó tó kù náà ò sanra tó bó ṣe yẹ, wọ́n wá gbé àjà karùn-ún lé e, wọ́n fi ṣe ilé oúnjẹ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tún nípọn sí i torí páípù omi gbígbóná tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ éèsì ńláńlá wà lórí òrùlé. Nígbà táwọn aládùúgbò ń ké pé ariwo ẹ̀ pọ̀, wọ́n kó o lọ sápá kejì òrùlé, wíwọ́ ni wọ́n wọ́ ọ, wọn ò fi kíréènì gbé e, ni dẹ́kìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Nígbà tó di June 29, 1995, láàárọ̀, wọ́n rí i pé sísán yẹn ti burú kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n ti àjà òkè, wọ́n sì ní káwọn èèyàn máa rajà lọ nísàlẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nilé wó. Èèyàn 502 ló kú, àwọn tó fara pa ju 900 lọ.

Wá wo lẹ́tà ẹ padà. Òpó gígé wà níbẹ̀, òpó tín-ín-rín wà níbẹ̀, ihò ẹskalétọ̀ wà níbẹ̀, ilé oúnjẹ lókè náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ tí mo kà á.

Dẹ́kìn tí ò ní bíìmù, orí òpó ló jókòó lé tààrà. Gbogbo ẹrù tó wà lórí ẹ̀ á wá kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ òpó, bí òpó bá tín-ín-rín tàbí bẹ́rù bá pọ̀ jù, òpó á gún dẹ́kìn yọ bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún bébà. Irú ẹ̀ kì í tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó já. Ó kàn máa ń já ni, ẹrù tó ń gbé tẹ́lẹ̀ á sì bọ́ sọ́rùn òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí gbogbo ilé á fi wálẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé torí báàgì kì í wúwo, ilé náà ò gbé nǹkan kan. Ilẹ̀ ilé tá à ń gbé, kílò 150 sí 200 la sábà máa ń ṣírò fún mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Ti ṣọ́ọ̀bù ńlá máa ń tó 400 sí 500, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọjà tuntun jáde àwọn èèyàn á fún mọ́ra bí ẹja inú agolo. Ìyẹn ò tíì ka máábù mọ́ ọn o. Máábù tó nípọn tó sẹ́ńtímítà méjì, kílò 54 ni mítà kan ẹ̀ níbùú lóròó, símẹ́ńtì àti iyanrìn sẹ́ńtímítà márùn-ún tí wọ́n á tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ á tún tó nǹkan bí 100. Ẹ ti fi kílò 150 lé dẹ́kìn lórí kí kọ́sítọ́mà kankan tó wọlé.

Ṣé kò wá sọ́nà tí ṣọ́ọ̀bù fi lè fẹ̀ láìsí òpó láàárín ni? Ó wà, àmọ́ orí bébà la ti ń ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn dẹ́kìn kejì. Bíìmù irin tó máa na mítà 12 láìsí nǹkan tó gbé e láàárín, ó lè ga tó sẹ́ńtímítà 60 sí 80, àfi kẹ́ ẹ gbé gbogbo àjà sókè, tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ti lu ihò sára bíìmù láti fáktírì kí páípù éèsì lè gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹskalétọ̀ náà, tí gíga láti ilẹ̀ dé àjà bá jẹ́ mítà márùn-ún, gígùn ẹ̀ á tó mítà 13 tàbí 14, lódindi ló sì sábà máa ń dé, torí náà ó yẹ kó ti wà nínú ilé kí wọ́n tó di iwájú ilé pa.

Ohun tó o máa ṣe lọ́la: kọ ọ́ sínú ìwé sáìtì, ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹni tó sọ ọ́, kó o wá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣírò ilé àti ákítẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan náà. Sọ fún ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ pé kó fi dígí yí òpó méjèèjì ká láti ilẹ̀ dókè, tàbí kó fi ṣe ibi tí wọ́n á pàtẹ aago sí pẹ̀lú iná nínú, mo ti rí i tí òpó tí wọ́n ń bú di ibi táwọn èèyàn ń dúró ya fọ́tò sí. Tí wọ́n bá ṣì takú, lọ bá ìjọba tó fọwọ́ sí píláànù ilé yẹn. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Síbẹ̀ lọ.

"Gíláàsì fọ́ fúnra ẹ̀"

*Àǹtí, kọ́ńtírákítọ̀ ni mí. Gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù tá à ń kọ́, ọ̀kan fọ́ lóru, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, kámẹ́rà sì rí i pé ẹnikẹ́ni ò sún mọ́ ọn. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ oríṣiríṣi. Wọ́n sì ní tuntun máa gba oṣù mẹ́ta, ṣé òótọ́ ni?*

Ọ̀gá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé o. Gíláàsì tó bá fọ́ wẹ́wẹ́ báyẹn, èyí tí wọ́n ti fi iná sè ni, wọ́n mú un gbóná gan-an, wọ́n wá fi atẹ́gùn mú un tutù lójijì kó lè lágbára. Àmọ́ nígbà míì èérún kékeré kan tí wọ́n ń pè ní nickel sulphide á ti wà nínú ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, kò tóbi tó orí abẹ́rẹ́. Ó máa ń wú díẹ̀díẹ̀, ó lè tó oṣù, ó lè tó ọdún, lọ́jọ́ tó bá wú débi tí gíláàsì ò lè gbà mọ́, ó parí nìyẹn. Ẹ bi fáktírì bóyá wọ́n ti gíláàsì yín bọ ààrò lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n jẹ́ kó gbóná bíi digiríì 260 sí 290 fún wákàtí mélòó kan. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó máa fọ́, ààrò yẹn ló máa fọ́ sí, kò ní jẹ́ orí èèyàn. Kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ọ̀rọ̀ pé ó máa pẹ́, òótọ́ ni, torí gíláàsì tí wọ́n bá ti sè, kò sẹ́ni tó lè gé e mọ́, kò sẹ́ni tó lè lu ihò sí i, tẹ́ ẹ bá ṣi ìwọ̀n ẹ̀ pẹ̀lú ìbú ìka ọwọ́ kan, tuntun ni. Ìwọ̀n ẹ̀ náà ń kọ́? Ẹyọ kan tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, tó ga ní mítà mẹ́fà, tó jẹ́ gíláàsì méjì oní mìlímítà 12 tí wọ́n fi ike lẹ̀ pọ̀, ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Kíréènì àti ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn fa gíláàsì mọ́ra ló ń gbé e, tí afẹ́fẹ́ bá le ẹ máa dúró ni, ì báà jẹ́ pé owó kíréènì ń ka lórí yín.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù lọ lójú tèmi ni ibi tí kọnkéré àti gíláàsì ti pàdé. Kọnkéré lè yẹ̀ ní sẹ́ńtímítà méjì, kò sẹ́ni tó máa bínú. Gíláàsì ò gbà ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Bẹ́ ẹ bá fi ìwọ̀n orí píláànù ní kí fáktírì ṣe é, kò ní wọlé, bẹ́ ẹ bá sì dúró di ìgbà tẹ́ ẹ da kọnkéré tán kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, oṣù mẹ́ta lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ní kí irin tó di gíláàsì mú ní ihò gbọọrọ, kó lè sún síwá sẹ́yìn, kó lè sún sókè sódò, ibẹ̀ la ti ń gba àṣìṣe kọnkéré mọ́ra.

Kẹ́ ẹ máa dúpẹ́ pé gíláàsì pẹlẹbẹ ni tiyín. Ní Amsterdam, iwájú ṣọ́ọ̀bù Crystal Houses tí wọ́n parí ní 2016, bíríkì gíláàsì ni wọ́n fi mọ ọ́n, gọ́ọ̀mù tó mọ́ gaara ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ dípò símẹ́ńtì, iná àkànṣe ni wọ́n sì ń tàn sí i kó tó gan. Bíríkì kan yẹ̀ díẹ̀ báyìí, gbogbo ìlà tó wà lókè ẹ̀ á yẹ̀.

"Máábù funfun ti ń pọ́n"

*Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹnjiníà. Èmi ni mò ń mójú tó iṣẹ́ fún àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù. Oṣù méjì péré tá a tẹ́ máábù funfun sílẹ̀, àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ ti ń yọ lára ẹ̀, omi dà bí ẹni pé ó wà nínú ẹ̀, ìlà kan sì ti sán tààrà láti ògiri dé ògiri. Wọ́n ní máábù burúkú la rà.*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì bá ẹni tó ta máábù jà. Ọjọ́ mélòó ni skríìdì yẹn, símẹ́ńtì àti iyanrìn tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ máábù, fi gbẹ? Mo bi yín torí pé bó ṣe máa ń rí, wọ́n á tẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á rìn lórí ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á ní ó ti gbẹ. Ojú ẹ̀ ló gbẹ. Ìṣirò tá a fi ń ṣiṣẹ́ ni pé mìlímítà kan gba ọjọ́ kan, fún mìlímítà 50 àkọ́kọ́, èyí tó bá wá lé lórí ẹ̀ á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Skríìdì tó nípọn ní mìlímítà 75, ẹ ka nǹkan bí ọjọ́ 100 fún un, tójú ọjọ́ bá sì tutù ó tún lè jù bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ò bá lè dúró tó bẹ́ẹ̀, símẹ́ńtì tó ń tètè gbẹ wà, ó wọ́n, àmọ́ kò wọ́n tó títú ilẹ̀.

Ọdún kan wà tí ọ̀gá kan bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Mi ò bá a fa ọ̀rọ̀. Mo mú ọ̀rá tí ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn, kò fẹ̀ ju mítà kan lọ, mo tẹ́ ẹ sórí skríìdì, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa dáadáa, mo ní ká máa lọ sílé. Láàárọ̀ a padà dé, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pa pọ̀. Omi ti sẹ̀ sábẹ́ ọ̀rá yẹn, ó wà níbẹ̀ wínníwínní bí òógùn iwájú orí, skríìdì tó wà lábẹ́ ẹ̀ sì ti dúdú ju èyí tó wà níta lọ. Ó fi ìka kàn án. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn dìde, ó pe àwọn tó ń kó máábù bọ̀ pé kí wọ́n dá a padà sí ibi ìkẹ́rùsí.

Omi tó wà lábẹ́ máábù yín, ṣe ló ń gòkè bọ̀. Ó ń gbé iyọ̀ inú símẹ́ńtì dání, tí irin díẹ̀ bá sì wà nínú òkúta yẹn, ìpẹtà ló ń yọ pọ́n yẹn. Ẹ tún wo gọ́ọ̀mù tí wọ́n lò, máábù funfun, símẹ́ńtì funfun ló ń bá a lọ, eléérú á hàn láti abẹ́. Kẹ́ ẹ sì ká gbogbo ọ̀rá tí wọ́n bá fi bò ó kúrò lónìí, ṣe lẹ̀ ń dé omi mọ́ ọn. Ìlà tó sán tààrà yẹn ní tiẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí máábù méjì lójú ẹ̀ wò. Ó dá mi lójú dé ìwọ̀n àyè kan pé ẹ máa rí àlàfo ibi tí dẹ́kìn méjì ti pàdé lábẹ́ ẹ̀. Ilé máa ń mí, ó ń fẹ̀, ó ń sún kì, àlàfo yẹn ló fi ń mí, wọ́n wá tẹ́ máábù kọjá lórí ẹ̀. Kí wọ́n gé máábù lójú ìlà yẹn gan-an, kí wọ́n fi ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

"Ilé wa ti ń sán"

*Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, àjà méjì ló máa wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń fa omi. Ògiri yàrá ìyá mi ti sán. Wọ́n ní ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú pẹ́ńsùlù lónìí yìí, ẹ fa ìlà kékeré sí orí àti ìdí ibi tó sán, ẹ kọ déètì sí i, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù líle lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ tín-ín-rín kan bo ojú ẹ̀ kọjá, apá kan síhìn-ín, apá kan sọ́hùn-ún. Tí gíláàsì yẹn bá ṣẹ́, sísán náà ṣì ń lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè tún sọ pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Omi tí wọ́n ń fà kì í ṣe inú kòtò tiwọn nìkan ló ti ń wá, bí wọn ò bá ti fi ògiri irin tàbí kọnkéré dí etí kòtò náà jinlẹ̀ dáadáa, omi abẹ́ ilé tiyín náà á bá a lọ, ilẹ̀ á sì rì. Àmọ́ ẹ má kàn lọ ní kí wọ́n pa páńpù lójijì, ìyẹn náà léwu. Omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń ti ilé sókè, fún mítà kọ̀ọ̀kan tí omi fi ga ju ìsàlẹ̀ kòtò lọ, tọ́ọ̀nù kan ló ń ti gbogbo mítà kan níbùú lóròó, tó bá ga ní mítà márùn-ún, tọ́ọ̀nù márùn-ún nìyẹn. Àjà abẹ́ ilẹ̀ tí ò tíì rí ilé tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lè léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni ìwé tí wọ́n fi ń wọn bí ilẹ̀ àti omi ṣe ń lọ sókè sódò lójoojúmọ́, àti fọ́tò tó yẹ kí wọ́n ti yà nínú ilé yín kí wọ́n tó gbẹ́ ṣọ́bìrì àkọ́kọ́. Tí wọn ò bá ní méjèèjì, ẹ mú ẹnjiníà tiyín àti lọ́yà dání, kẹ́ ẹ sì gbé màmá kúrò ní yàrá yẹn ná.

"Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá"

*Àǹtí, wọ́n ti pín ìwé ìpè fún ọjọ́ tá a máa ṣí ṣọ́ọ̀bù wa. Gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́, páípù panápaná tó wà nínú síílìnì, èyí tó máa ń wọ́n omi síná, nìkan ni ò tíì ní omi, wọn ò sì tíì dán ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde wò. Kọ́ńtírákítọ̀ ní ká ṣí i, ká máa parí ẹ̀ lálaalẹ́.*

Rárá o. Ní May 22, 1967, iná mú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Brussels, L'Innovation lorúkọ ẹ̀, ó lẹ́wà gan-an, àárín ẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò ní páípù panápaná nínú síílìnì. Àárín tó ṣí sílẹ̀ yẹn di ẹnu ààrò, èéfín gba ibẹ̀ dé gbogbo àjà, àwọn tó kú níbẹ̀ ju igba lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá pọ̀ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ dá àwọn tó ń kun ọ̀dà àtàwọn tó ń to ọjà dúró ní àjà kan lẹ́ẹ̀kan, káwọn oníṣẹ́ páípù lè ráyè gbé àkàbà, kí wọ́n dà omi sí i, kí wọ́n wò ó bóyá ó ń jò kẹ́ ẹ tó kó báàgì olówó gọbọi sábẹ́ ẹ̀. Ẹ pe àwọn panápaná wá síbi ìdánwò ẹ̀rọ èéfín fúnra wọn. Tí kò bá pé lọ́jọ́ náà, ẹ gba àwọn àlejò yín níta, kẹ́ ẹ fi iná tan iwájú ṣọ́ọ̀bù kó dùn ún wò, kẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn pa.